Jobbar àti Odò Tó Fẹ́ Gba Ilé Rẹ̀

Bí a bá ní ká kó gbogbo àwọn tó ní ọjọ́ tí wọ́n gbé ilé Jobbar ṣojú àwọn jọ, erékùṣù Kolmi kò ní gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n Lokman, àbúrò Jobbar, wà níbẹ̀ lóòótọ́: èjìká rẹ̀ ni igun iwájú ilé náà wà. Odò Jamuna ti jẹ ilẹ̀ dé ẹ̀yìnkùlé, bí ìṣe rẹ̀. Àwọn ọkùnrin abúlé hú òpó, wọ́n gbé ilé náà ní odindi, páànù, ọparun àti fèrèsé, wọ́n forí lé àárín oko ìrẹsì. Jobbar kọ̀, kò jáde. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó há adìẹ kan sábíyá, ó ń bá ilé rìn nínú ilé.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde!”

“Ta nìyẹn?”

“Èmi ni, Lokman!”

“Ṣé bí wọ́n ṣe ń pe onílé nìyẹn? Kan ilẹ̀kùn.”

Lokman fi orí kàn án, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ò ṣófo.

“A ò sí nílé,” ni Jobbar dáhùn. “A rìnrìn àjò.”

Jobbar a máa bá odò dúnàádúrà. Bí òjò bá ti ń ṣú, á ká aṣọ ìdí rẹ̀ sókè, á dúró létí omi, á ní, “Mú oko ẹ̀pà. Fi ilé sílẹ̀.” Lọ́dún kan, ó kéde pé odò ti gbà. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, odò gbé ilé ìdáná lọ. Wọ́n ní kó wá ṣàlàyé.

“Ilé ìdáná kẹ̀?” ni ó wí. “Àwa méjèèjì ò dárúkọ ilé ìdáná rárá.”

Bóyá àwọn tó ń sọ ìtàn yẹn fi iyọ̀ sí i. Lokman kì í rẹ́rìn-ín sí i. Ó ti kó lọ sí ìlú, níbi tí omi kì í dé; bí wọ́n bá fẹ́ gbé ilé ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè é, ẹ̀rù sì ń bà á pé odò á gbé ẹ̀gbọ́n òun lójú oorun. Ó kọ́ yàrá bíríkì kan fún un. Jobbar wá lóòótọ́, ó jẹ ẹja tí ìyàwó Lokman sè, ó yin ọbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti di ẹrù.

“Kí ló dé, Ẹ̀gbọ́n?”

“Ilẹ̀ yín dákẹ́ jù. Kò sí ohun tí mo lè bá jà.”

Inú bí Lokman. “Ó dáa! Tí odò bá tún dé ẹnu ọ̀nà yín, ẹ má ránṣẹ́ sí mi o! Ṣé ẹ gbọ́?”

“Mo gbọ́,” ni Jobbar wí, ó sì wọ ọkọ̀ ojú omi.

Òjò dé. Lokman ń retí ẹni tí yóò wá pè é. Ó ti pinnu pé òun á kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò fẹ́ lọ. Ẹnikẹ́ni ò wá. Ọkọ̀ tó dé gbẹ̀yìn, ìròyìn ikú Jobbar ló gbé wá. Wọ́n ti tún gbé ilé náà nínú òjò, Jobbar fúnra rẹ̀ ló sì kó sábẹ́ igun tí Lokman máa ń gbé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ibà dá a wólẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Lokman kojú Haider, aládùúgbò ẹ̀gbọ́n rẹ̀. “Kí ló dé tí ẹ ò pè mí?”

“A fẹ́ pè ọ́. Òun ló kọ̀. Ó ní o ti ní kí òun má ránṣẹ́.”

“Ìbínú ni mo fi sọ ọ́!”

“A sọ bẹ́ẹ̀ fún un.” Haider mirí. “Ìjọba ní kó kúrò ní Kolmi, kò kúrò. Dókítà ní kó fi tábà sílẹ̀, ó yí dókítà náà lérò padà, àwọn méjèèjì jọ fà á. Lokman, nínú gbogbo ẹni tó pàṣẹ fún Jobbar láyé yìí, ìwọ nìkan ló gbọ́ràn sí lẹ́nu.”

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu Lokman. Àwọn tó jókòó bá a rín in. Nígbà tí ẹ̀rín tán, tí èjìká rẹ̀ ò sì dáwọ́ gbígbọ̀n dúró, Haider gbé ife tíì lé e lọ́wọ́, ó sì bá a dì í mú, kó má baà dànù.