Àmì Méjì Tí N Kò Mọ̀ Ọ́n Tẹ̀

Òórùn epo pupa ló kọ́kọ́ bá ìyá kan wọ ṣọ́ọ̀bù wa láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Ìlútítun ló ti wá, níbi tó ti ń ta epo, ó sì hàn pé ìdí iṣẹ́ ló ti gbéra wọkọ̀ wá sí Òkìtìpupa, nítorí epo ṣì wà létí ìró rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà náà. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn èèyàn tẹ̀wé lórí kọ̀ǹpútà nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí kò jìnnà sí yunifásítì. Ọwọ́ mi yá gan-an. N kì í wo kíbọ́ọ̀dù tí mo bá ń tẹ̀wé; ojú ẹni tó jókòó níwájú mi ni mo máa ń wò, kí olúwarẹ̀ lè rí i pé n kò wo ibi tí ìka mi ń tẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mí.

Ìyá náà jókòó, ó sì sọ ohun tó gbé e wá láìsí omijé. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti kú ní Jámánì. Ọdún kẹfà rèé tó ti wà níbẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan. Àyà ló ní ó ń dun òun, ó lọ dùbúlẹ̀, kò sì jí mọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan ló pe ìyá lórí fóònù. Ọ̀rẹ́ yìí ló ṣàlàyé pé bí ẹbí kò bá sọ nǹkan kan láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìjọba ìlú náà ni yóò palẹ̀ òkú mọ́, wọ́n á sì sun ún níná. Àwọn Mùsùlùmí tó wà níbẹ̀ ti gbà láti sin ín sí ilẹ̀ tiwọn, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òkú kò gba ẹnu ọ̀rẹ́. Ìwé láti ọwọ́ ìyá ni wọ́n ń retí.

"Mùsùlùmí ni wá," ìyá náà wí. "Bàbá rẹ̀ Mùsùlùmí, bàbá tó bí bàbá rẹ̀ Mùsùlùmí. Bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má fi iná kan ọmọ mi."

Èdè Ìkálẹ̀ ló fi ń sọ ọ́, èmi sì ń yí i sí Gẹ̀ẹ́sì. Mo tẹ lẹ́tà náà, mo kà á fún un ní èdè wa, mo tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà, ó tẹ̀ka sí i, mo sì ya àwòrán rẹ̀ padà sínú kọ̀ǹpútà. Ó kù kí n fi ránṣẹ́. Àdírẹ́sì ímeèlì òṣìṣẹ́ tó ń retí rẹ̀ wà lórí fóònù ìyá, nínú àwòrán bébà kan tí ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ̀ fi bírò kọ. Orúkọ òṣìṣẹ́ náà ni àdírẹ́sì ọ̀hún, u kan sì wà nínú rẹ̀ tí àmì bíńtín méjì jókòó lé lórí, báyìí: ü.

Mo wá a lórí kíbọ́ọ̀dù, n kò rí i. Kò yà mí lẹ́nu, nítorí kíbọ́ọ̀dù yẹn kò ní àmì Yorùbá pàápàá. Tí mo bá ń tẹ Yorùbá, ṣe ni mo máa ń fo gbogbo àmì, tòkè tìsàlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bá mi wí rí, torí ẹni tó ń kà á ti mọ ohun tí mo ní lọ́kàn. Mo rò pé ti Jámánì náà yóò rí bẹ́ẹ̀. Mo tẹ u lásán.

Ìyá náà kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ti ń wo fóònù, ó sì ń wo kọ̀ǹpútà. Ó nawọ́. "Èyí tí nǹkan wà lórí rẹ̀ ńkọ́? Tìrẹ kò ní."

Mo rẹ́rìn-ín. "Màmá, ohun kan náà ni. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Mo fi ránṣẹ́, mo ní ó ti lọ. Ó gbàdúrà fún mi, ó sì pe ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ̀ níbẹ̀ pé lẹ́tà ti lọ, kí òun náà sinmi.

Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni èsì dé pé lẹ́tà náà kò rí ẹni tó ń wá. Ṣùgbọ́n mo ti yíjú sí iṣẹ́ ẹlòmíràn, ìpolówó sì kún inú àpótí ímeèlì ṣọ́ọ̀bù débi pé n kì í sábà wò ó. Lọ́jọ́bọ̀, ìyá pè láti béèrè bóyá wọ́n ti fèsì. N kò tilẹ̀ wo inú àpótí ímeèlì. Mo ní àwọn òyìnbó máa ń pẹ́ díẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e ni mo tó wo àpótí náà, tí mo rí i pé lẹ́tà kò dé ibi tó ń lọ. Olùkọ́ yunifásítì kan, ará Èkìtì, tó ti kàwé ní Jámánì rí, wà ní ṣọ́ọ̀bù tó ń tẹ ìbéèrè ìdánwò. Mo fi hàn án. Ó wo àwòrán bébà, ó wo ohun tí mo tẹ̀.

"Ta ló ní kí o yọ àmì yẹn?"

Mo sún kúrò nídìí kọ̀ǹpútà fún un. Ó tẹ bọ́tìnì Alt mọ́lẹ̀, ó sì tẹ òdo, méjì, márùn-ún, méjì lára àwọn nọ́ńbà tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kíbọ́ọ̀dù, ü sì yọ sójú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ló pa á rẹ́. Ó ní nínú àdírẹ́sì ímeèlì, àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn kì í sábà lò ó, pé u àti e ni wọ́n ń kọ dípò rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, lẹ́tà sì lọ. Èsì dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó kúrú, ó sì kún fún ọ̀wọ̀. Wọ́n kẹ́dùn pẹ̀lú ẹbí. Wọ́n ti sun òkú náà ní ọjọ́ Ẹtì.

Ọ̀gá mi ní kí n sọ fún ìyá pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló fà á. Irọ́ yẹn ni mo gbé sẹ́nu wọkọ̀ lọ sí Ìlútítun. Ìdí àgbá epo ni mo ti bá a. Nígbà tó gbójú sókè wò mí, irọ́ náà kò jáde. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí.

"Èyí tí nǹkan wà lórí rẹ̀," ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Kò ṣépè, kò sì gbá mi. Ó bu omi, ó fọ epo ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi mọ́, ó sì béèrè ibi tí wọ́n da eérú ọmọ òun sí. Mo ní n kò mọ̀. Ó ní kí n padà lọ bá òun béèrè lọ́wọ́ wọn, kí n kọ ọ́ dáadáa lọ́tẹ̀ yìí. Mo kọ ọ́. Mo fi gbogbo àmì sí i, títí kan ß, lẹ́tà wọn kan tó jọ B, tó wà ní ìparí orúkọ àdúgbò wọn. Wọ́n fèsì pé pápá koríko kan ni, níbi tí wọn kì í kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí.

Ìyá náà ti di olóògbé báyìí. Kí ó tó kú, olùkọ́ yẹn sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé bí lẹ́tà náà bá tilẹ̀ dé lọ́jọ́ Ajé, àwọn ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ lè má dúró kí wọ́n tó sun òkú. N kò sọ ọ́ fún ìyá, torí ì bá dà bíi pé ara mi ni mò ń gbèjà. Mo fẹ́ gba ọ̀rọ̀ olùkọ́ náà gbọ́. Ọjọ́ mìíràn wà tí mo bá ọ̀rọ̀ náà jí, tí mo sì gbà á gbọ́ títí di ọ̀sán.