Ẹni Tó Ń Fi Etí Yan Kòkó

Etí ni ìyá mi fi ń yan kòkó, kì í ṣe ojú. Bí agbada irin bá ti gorí iná báyìí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lanu nínú ilé ìdáná wa. Kòkó á máa ta pẹ́pẹ́, òun á dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tí ohùn náà bá rẹlẹ̀ lọ́nà kan tí àwa yòókù ò gbọ́ rí, á sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bó bá fi lè pẹ́ díẹ̀ sí i, ó ti korò nìyẹn.

Báyìí la ṣe bẹ̀rẹ̀ ṣokoléètì: agbada kan, ọlọ kan, àti abọ́ pẹrẹsẹ mẹ́fà tí a ń dà á sí kó lè dì. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ẹlẹ́nudùn, ò lè panu mọ́ fún ìṣẹ́jú kan. Ni ìyá mi bá lé e jáde: "Gba èyí, lọ máa fi ẹnu ẹ tajà!" Ó tà á tán kí oòrùn tó wọ̀. Bàbá tó bí àwọn méjèèjì ńkọ́? Títí ó fi kú, kò tẹsẹ̀ wọ ilé ìdáná yẹn. "Ẹrẹ̀ dídùn" ló ń pe iṣẹ́ wa.

Ní ọdún kẹsàn-án, Ẹlẹ́nudùn kó bébà tuntun tí a ó máa fi wé ọjà dé. Àwòrán bàbá wọn ló wà níwájú. Lẹ́yìn, wọ́n kọ ọ́ pé bàbá ló dá iṣẹ́ náà sílẹ̀, tó sì kọ́ ọmọkùnrin rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń yan kòkó. Ìyá mi kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó yí i síwá sẹ́yìn, bóyá òun á rí ara òun níbì kan.

"Èmi ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ìtàn bàbá àti ọmọ làwọn èèyàn ń fẹ́. Àwa ṣáà mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

"Èmi tí mo pọ̀n ọ́ dàgbà?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn oníbàárà ńlá ń bọ̀ wá wò wá lọ́la. Ó ṣe mí bíi kí n dáná sun bébà ọ̀hún. Ó dun ìyá mi wọ eegun.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn àlejò yí agbada ká. Ẹlẹ́nudùn fìka sẹ́nu, pé kí wọ́n dákẹ́. Kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Ni ìyá mi bá lanu. Ó sọ bí òun ṣe ra agbada, bí iná ṣe jó òun lápá, iye àpò kòkó tó bà jẹ́ kí etí òun tó mọ̀ ọ́n. Ohùn kòkó rẹlẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ lọ. Èéfín ti ń rú.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ń jó o! Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀!"

Ìyá mi káwọ́ gbera.

"Lọ pe bàbá wa kó wá sọ̀ ọ́."