Ìgò Orí Ìyá Bàbá Mi

Àwọn ìdílé mìíràn ní Badagry máa ń ta ayò bí ọwọ́ bá dilẹ̀. Ìgò òfìfo ni àwa máa ń wú. Ẹ rọra rẹ́rìn-ín. Nígbà tí òyìnbó ṣì ń jọba, bí òjò ńlá bá rọ̀ mọ́jú Sátidé, bàbá mi á ti ọkọ̀ sínú ọ̀sà, gbogbo wa á sì sọdá sí ilẹ̀ iyanrìn tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun, níbi tí àwọn oníṣòwò ayé àtijọ́ ti ń já ẹrù. Òjò á ti wẹ iyanrìn lọ, ìgò á sì máa yọrí bí ẹni tó ń yọjú wo àlejò.

Àfọ́kù igbá la fi ń wú u, nítorí ọkọ́ kì í mọ ìgò yàtọ̀ sí gbòǹgbò. Ìyá mi, ọmọ Aradagun, ló lójú jù nínú wa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í wú nǹkan kan. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa sọ pé òun ló kọ́kọ́ rí èyí tí mo ti dì mọ́yà. Bí a bá délé, a ó fi iyanrìn àti kànìnkànìn fọ̀ wọ́n, a ó tò wọ́n sójú fèrèsé. Ìgò jíìnì onígun mẹ́rin pọ̀ níbẹ̀, dúdú kirikiri, àfi bí oòrùn bá gbà á kọjá kó tó di àwọ̀ ewé. Ọ̀kan wà tí ọrùn rẹ̀ wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní èmi ló jọ.

Òfin kan ṣoṣo ni bàbá mi ṣe: ìgò tó bá dorí kodò, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Níbi tiwa, bí wọ́n bá sin àgbàlagbà sínú iyanrìn yẹn, wọn á ta jíìnì sílẹ̀ fún un, àbíkẹ́yìn rẹ̀ á wá ri ìgò náà mọ́ ibi orí rẹ̀, ẹnu sísàlẹ̀. Àmì mìíràn ò sí. Abẹ́ ọ̀kan nínú wọn ni ìyá bàbá mi wà. Gbogbo ìgbà tí a bá sọdá ni bàbá mi á kúnlẹ̀, á fi ẹ̀wù nu ìdí ìgò náà, á sì ròyìn ilé fún un, títí kan ẹni tó jí ẹran nínú ọbẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹjọ́ mi ló ń fi sùn.

Àbúrò bàbá mi kan ṣoṣo, ọmọ ìyá kan náà, ń ṣe ògbufọ̀ fún ajẹ́lẹ̀ òyìnbó. Ìbọ̀sẹ̀ ló máa ń wọ̀ nínú oòrùn Badagry; ẹ fi ìyẹn mọ irú ẹni tó jẹ́. Ajẹ́lẹ̀ tuntun dé, ó fẹ́ràn ìgò àtijọ́ bíi tiwa, àbúrò bàbá mi sì fọ́nnu pé òun mọ ibi tí wọ́n wà. Ó mú un sọdá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ta ní ń wú ìgò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Wọ́n wá a tì. Kí ojú má baà ti òun lójú ọ̀gá rẹ̀, ló bá lọ síbi tó dá a lójú, ó fa ìgò orí ìyá rẹ̀ yọ, ó gbé e fún òyìnbó.

Ẹ má sọ fún mi pé kò mọ̀. Òun ni àbíkẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ̀ ló rì í.

Ẹni tó tu ọkọ̀ fún wọn ló sọ fún wa. Kí a tó débẹ̀, atẹ́gùn òkun ti gbá ilẹ̀ tẹ́jú. Bàbá mi ń rìn yíká, kò mọ ibi tí yóò kúnlẹ̀ sí.

Ó mú mi lọ sí ọ́fíìsì ajẹ́lẹ̀, nítorí mo ti wà ní ìwé kẹrin, mo sì ti ń fi èdè òyìnbó yọ gbogbo ilé lẹ́nu. Ó ní kí àbúrò òun sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé orí ìyá àwọn ni wọ́n ti fa ìgò yẹn, kó dá a padà. Àbúrò rẹ̀ yíjú sí òyìnbó, ó sì sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n òun wá dúpẹ́ ni, pé òmíràn wà nílé bó bá fẹ́.

Mo gbọ́ ọ yékéyéké. Mo fi èdè òyìnbó díẹ̀ tí mo gbọ́ sọ òótọ́. Ojú ajẹ́lẹ̀ pọ́n fún ìtìjú. Ó ní òun ti fi í ránṣẹ́ sí ìyá òun nílùú òyìnbó, kó máa fi òdòdó sínú rẹ̀. Ògbufọ̀ wa ò túmọ̀ ìyẹn. Èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀ fún bàbá mi.

“Fòfó,” ni àbúrò rẹ̀ wí, bí àwa Ègùn ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, “ẹ ṣe sùúrù. Ìgò òfìfo lásán ni.”

“Kò ṣófo,” ni bàbá mi dá a lóhùn. “Ó dáa. Wá fi ibi tí ìyá rẹ wà hàn mí.”

Ó tẹ̀ lé wa sọdá. Ó tọ́ka síbí, ó tọ́ka sọ́hùn-ún, iyanrìn kún inú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n mọ́. Bàbá mi ò bá a jà. Ó padà sílé, ó kó gbogbo ìgò ojú fèrèsé wa sínú ọkọ̀, àti ọlọ́rùn wíwọ́, a sì rì wọ́n káàkiri ibẹ̀, ẹnu sísàlẹ̀, kó má baà sí ibi tí ìyá rẹ̀ lè wà tí kò ní àmì. Lẹ́yìn náà, ó jókòó sáàárín wọn, ó ń pariwo ròyìn ilé, kí ìyá náà lè gbọ́ níbikíbi tó bá wà. A ò wú ìgò mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Àbúrò bàbá mi ti kú báyìí. Síméǹtì ni wọ́n fi ṣe sàréè rẹ̀, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sí i, wọ́n fi irin yí i ká. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní kí n mú òdòdó wá síbẹ̀. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ìyá ajẹ́lẹ̀ bóyá ìgò wà tí a ó fi í sí.