Dáàmù tó Kún Kí Òjò Tó Dé

Ọdún méje ni ọkọ mi fi fọwọ́ ara rẹ̀ kọ odindi Àlùkùráánì kan, pẹ̀lú tàdáwà tó pò fúnra rẹ̀. Nígbà tí ó kú, ọ̀dọ̀ mi ni Àlùkùráánì náà wà. Inú àpò awọ ni mo tọ́jú rẹ̀ sí, lórí àpótí gíga, nínú yàrá mi létí odò.

Kí wọ́n tó ṣe dáàmù sókè odò náà, ọdọọdún la máa ń sá fún omi. Wọ́n ní dáàmù yóò gbà wá. Ó sì gbà wá fún ìgbà díẹ̀, n kò ní purọ́.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Dáàmù kún, ni wọ́n bá ṣí gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí a fi kírun Jímọ̀ tán tí a padà délé, omi ti dé ojú fèrèsé mi, ó sì ti wọ inú àpò awọ náà.

Ní ọjọ́ Ajé, mo lọ bá àwọn tó ń ṣàkóso dáàmù ní ọ́fíìsì wọn.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá," ni ọ̀gá wọn wí. Kò lè dàgbà ju àkọ́bí mi lọ. "Ṣùgbọ́n a kéde o. Mọ́tò wa gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn yí àdúgbò yín ká."

"Ìgbà wo?"

"Ọjọ́ Jímọ̀, aago méjì ku díẹ̀."

"Ìwọ ńkọ́, níbo lo wà ní aago méjì ku díẹ̀?"

Ó wolẹ̀. "Mọ́ṣáláṣí ni, màmá."

"Ta wá lẹ kéde fún? Ewúrẹ́? Àwọn tèmi gbọ́ o, orí òkìtì ni mo ti bá wọn."

Obìnrin tó ń tẹ kọ̀ǹpútà fọwọ́ bo ẹnu. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo bi ọ̀gá náà pé kí ló dé tí dáàmù fi kún dẹ́nu kí òjò ńlá tó bẹ̀rẹ̀.

"Omi ẹ̀rọ ni, màmá. Lẹ́ẹ̀rùn, láti àdúgbò Táíwò dé Fátè, gbogbo ìlú ló ń bú wa pé omi ò yọ. Ìyẹn la ṣe ń tọ́jú rẹ̀."

"Ẹ̀ẹ̀rùn ti lọ. Èmi tí n kò kàwé débì kan, bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, mo máa ń da dúrọ́ọ̀mù abẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ mi sí ìdajì, kó má bàa kún àkúnya kó jẹ ẹsẹ̀ ògiri. Èyí tó ti kún, ibo ni yóò gba òjò sí? Ẹ máa jẹ́ kó ṣàn lọ díẹ̀díẹ̀ kí àgbàrá tó dé. Bí ẹ bá sì fẹ́ ṣílẹ̀kùn, ẹ ránṣẹ́ sí lèmọ́mù. Ẹ̀rọ mọ́ṣáláṣí la máa ń gbọ́."

Ó ní òun á kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kọ ọ́ lóòótọ́, sẹ́yìn àpò ìwé kan tó rí lórí tábìlì. Títí di òní ni àpò ìwé yẹn ń bí mi nínú.

Mo sá àwọn ewé Àlùkùráánì náà sóòrùn. Wọ́n gbẹ, ṣùgbọ́n tàdáwà ti ṣàn kúrò, ojú wọn funfun bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò kọ nǹkan kan sí wọn rí. A kì í da irú ewé bẹ́ẹ̀ sí ààtàn. Yálà kí á sin ín, tàbí kí á gbé e fún omi tó ń ṣàn.

"Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ ká gbé e fódò," ni àbúrò ọkọ mi wí. "Ẹ̀yìnkùlé yín náà ni."

"Odò wo? Èyí tó pa á rẹ́ yìí?"

Ó lọ mú ọkọ́. Oko rẹ̀ lọ́nà Màlété ni a gbé e lọ, níbi tí ilẹ̀ ti ga. Ó gbẹ́ ihò, ó ní ó tó. Mo ní kó gbẹ́ ẹ jìn sí i.