Ìlarakòpé, Ajá Bàbá Ọdẹ

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Bàbá Ọdẹ gbé ajá rẹ̀ wá láti ìlú Ara, epo pupa ni mo kọ́kọ́ rí. Ó kún ẹnu ajá, ó kún àyà ọkùnrin náà, ó ta sára ọ̀kadà tó gbé wọn wá bá mi ní Èjìgbò. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ti fura sí májèlé, epo ló máa rọ sí ẹranko lẹ́nu. Mo ti ń tọ́jú ẹranko tipẹ́, epo yìí kò sì yéé bí mi nínú, torí ẹ̀dọ̀fóró ló sábà máa ń gbà lọ dípò ikùn.

Ìlarakòpé ni ajá náà ń jẹ́. Orúkọ yẹn ni Bàbá fi ń sọ òkò ọ̀rọ̀ sí Lámídì, télọ̀ tó múlé tì í, tó ní kí ajá má lá kẹ́tùlù àlùwàlá òun mọ́. Láràárọ̀ ló ń lọgun rẹ̀, gbogbo àdúgbò ló sì mọ ẹni tó ń bá wí. Nígbà tí ajá wá ṣubú, ó ní Lámídì ló fún un ní májèlé jẹ. Bí ajá bá kú, irin lòun yóò fi ṣépè fún un. Èpè tí wọ́n bá ti firin ṣẹ́, ẹnu kì í kó o padà.

Mo gbé ètè ajá sókè. Ẹran ìdí eyín rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ, ara rẹ̀ gbóná, ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n bí sóbò. Mo ṣí etí rẹ̀ wò. Eégbọn tò síbẹ̀, wọ́n ti mu ẹ̀jẹ̀ yó bámúbámú.

"Bàbá, ẹ wo májèlé yín."

"Dókítà, eégbọn ti wà lára ajá kí wọ́n tó bí mi."

Mo ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí eégbọn ṣe ń mu ẹ̀jẹ̀ ló ń tu kòkòrò sínú rẹ̀, kòkòrò náà ló sì ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́ tí ẹnu fi ń funfun, tí ìtọ̀ fi ń pọ́n. Mo fa ẹ̀jẹ̀ ajá díẹ̀, mo fi kòkòrò náà hàn án nínú rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ó wò ó títí. Nígbà tí mo ń gún ajá lábẹ́rẹ́, kò dárúkọ Lámídì mọ́, ó kàn ń fi ẹ̀wù rẹ̀ nu epo ẹnu ajá.

Ajá yè é. Nígbà tí mo lọ wò ó ní Ara, Lámídì ni mo bá lẹ́bàá ògiri, ó fi ọ̀rá wé ọwọ́, ó ń fi ẹ̀mú kékeré yọ eégbọn lára ajá, omi àlùwàlá rẹ̀ wà nítòsí. Ó ní Bàbá ti wá jẹ́wọ́ èpè tó fẹ́ ṣẹ́ fún òun, ó sì bẹ òun kí òun bá a yọ wọ́n, torí ojú àgbà kò rí eégbọn kéékèèké mọ́. Bàbá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wolẹ̀.

Ajá fẹ́ dìde. Lámídì rọra fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn.

"Ìlarakòpé, jókòó. Ó ku ẹyọ kan."