Ìkúnlẹ̀ Tí Mo Kúnlẹ̀ Nínú Ọgbà Ìdákẹ́jẹ́

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá àgbà kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n máa ń gbá ojúde wọn láràárọ̀. Kọjá láìkí wọn "Ẹ kú iṣẹ́ o," kí o wá wò ó! Kí o tó délé, ẹjọ́ ti ṣáájú rẹ débẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dán an wò lọ́jọ́ kan. Bàbá wa ní kó padà lọ dọ̀bálẹ̀, kó sì gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ẹnu mi á ti là kí n tó mọ̀.

Ẹnu ọ̀hún náà ni mo gbé wá sí Houston ní Amẹ́ríkà, ẹ̀yin ọmọ mi. Nílé ọmọ mi ní Cypress, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, oníkálukú á ti bọ́ sórí freeway lọ síbi iṣẹ́, á wá ku èmi àti tẹlifíṣọ̀n. Aládùúgbò kẹ̀? Ilẹ̀kùn gáréèjì wọn nìkan ni mo mọ̀. Ó sú mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kí fìríìjì. Ni ọmọ ọmọ mi obìnrin bá ní òun á máa gbé mi lọ sí ọgbà tẹ́ńpìlì àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ní Sátidé. Ó ní igi wà níbẹ̀, ẹja pupa sì wà nínú omi.

"Ṣùgbọ́n Grandma, please, it's a quiet place. Tẹ́ ẹ bá pariwo, a ò ní lọ mọ́ o."

Mo ní mo ti gbọ́. Ta ló fẹ́ padà sọ́dọ̀ fìríìjì?

A débẹ̀, ó pa lọ́lọ́. Ara mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀, àfi ìgbà tí mo rí ìyá arúgbó kan tí wọ́n fá orí kodoro bíi ti àwọn ẹlẹ́sìn ibẹ̀, tí wọ́n ń gbá ewé. Háà! Wọ́n jù mí lọ dáadáa. Mo di ẹnu, mo kọjá. Àṣé ọ̀nà ibẹ̀ yípo ni, ó tún gbé wa padà sọ́dọ̀ wọn. Mo rí ojú bàbá mi kedere. Tí mi ò bá lè fi ẹnu kí wọn, ṣé mi ò ní orúnkún ni?

Mo bá kúnlẹ̀. Ẹ má gbé e dé mọ́ṣáláṣí wa o! Ère Búdà wọn wà lọ́ọ̀ọ́kán lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyá ni mo kí.

Ìkúnlẹ̀ rọrùn, dídìde ló dogun. Orúnkún mi kọ̀ jálẹ̀. Ọmọ náà rò pé mo ṣubú ni, ló bá figbe ta: "Grandma! Oh my God! Grandma!" Ẹyẹ fò lórí igi. Gbogbo ẹni tó jókòó, tó dijú ṣàṣàrò, ló lajú. Èmi tí wọ́n ní n má pariwo rèé, mi ò tíì sọ nǹkan kan o!

Ìyá ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, wọ́n pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, àwọn náà bá kúnlẹ̀ níwájú mi. Èèwọ̀! Àgbà kì í kúnlẹ̀ fún àbúrò. Mo tẹrí ba sí i, àwọn náà tẹrí ba sí i. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dìde, orúnkún tiwọn náà kọ̀. A wo ara wa, ẹ̀rín bá gbé wa. Tiwọn ò lóhùn, èjìká wọn ló ń gbọ̀n. Ọmọ náà ló fà wá dìde níkọ̀ọ̀kan, ojú ń tì í.

Nínú mọ́tò, ó ní, "Grandma, we can never go back there." Mo bẹ̀ ẹ́ títí Sátidé fi pé kó tó gbà. Nígbà tí a débẹ̀, ìyá ti gbé àga méjì sétí omi, èyí tó ga, tó rọ orúnkún lọ́rùn.

Ayé ti yí o. Nígbà tiwa, ẹni tó bá dákẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, ìjà ló ń bá ọ jà. Lónìí, ọ̀rẹ́ tí mo ní ní gbogbo Houston, a ò tíì bá ara wa sọ̀rọ̀ rí. Ṣùgbọ́n ní Sátidé tí òtútù mú mi tí mi ò lè lọ, ọmọ náà yà níbẹ̀. Ó ní ìyá jókòó sórí àga tiwọn, wọ́n gbé ọwọ́ lé tèmi, wọn ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sí i.