X Tó Wà Nídìí Nọ́ńbà Ìwé Màmá

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n sọ bí lẹ́tà kan ṣoṣo tá a fẹ́ yọ dànù ṣe kó wa yọ nínú wàhálà!

Ìparí àwọn ọdún 1990 ni. Ilé ìtẹ̀wé kan nítòsí Old Garage, l'Óṣogbo, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà n'Íléṣà gbé ìwé wá fún wa. Àwọn ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀ṣà tí àwọn ọmọdé ò sọ mọ́ ni Màmá kó jọ sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ṣe é o!

Ilé ìtàwé ńlá kan n'Íbàdàn ti gbà láti tà á, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ní báàkóòdù lẹ́yìn, àwọn ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ̀rọ ń kà yẹn. Nọ́ńbà ìwé, ìyẹn ISBN, la fi ń ṣe é. Màmá ti fọwọ́ ara wọn kọ ọ́ sórí bébà fún wa: nọ́ńbà mẹ́sàn-án, lẹ́yìn náà, X.

X kẹ̀? Kí ni X ń wá láàárín nọ́ńbà?

Mo tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà kọ̀ ọ́. Ọ̀gá mi ní kí n yọ X dànù, kí n fi 978, tí báàkóòdù ìwé fi ń bẹ̀rẹ̀, ṣáájú mẹ́sàn-án tó kù. Àfi bí kọ̀ǹpútà ṣe fi nọ́ńbà kan kún un lẹ́yìn fúnra rẹ̀! Báàkóòdù jáde, ó gún régé. Ọ̀gá ní kí n gbé e lọ fún Màmá kí wọ́n fọwọ́ sí i ká tó tẹ èèpo ìwé.

Ṣùgbọ́n X yẹn ò kúrò lọ́kàn mi.

Bí mo ṣe dé Iléṣà, mo bi Màmá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n mú ìwé tí àwọn tó fún wọn ní nọ́ńbà náà kọ sí wọn jáde. Àlàyé wà nínú rẹ̀! Ẹ̀ṣọ́ ni èyí tó kẹ́yìn, òun ló ń ṣọ́ àwọn yòókù kí wọ́n má bàa yí. Ẹ ó fi mẹ́wàá sọ nọ́ńbà àkọ́kọ́ di púpọ̀, ẹ ó fi mẹ́sàn-án sọ ìkejì, títí tẹ́ ẹ fi máa dórí èjì. Ẹ ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Iye tó kù kí mọ́kànlá tó lè pín in geere ni ẹ̀ṣọ́ náà. Bó bá jẹ́ mẹ́wàá, kò lè gba àyè nọ́ńbà kan, ni wọ́n bá ń kọ X.

Mo ní, “Màmá, ẹ jẹ́ ká ṣe é wò!”

A ṣírò èyí tí Màmá kọ sórí bébà tó wà lọ́wọ́ mi. Èjì ló jáde dípò mẹ́wàá! A tún un ṣe. Èjì.

Màmá wọ awò ojú wọn, wọ́n fi bébà mi wé ìwé àwọn tó fún wọn ní nọ́ńbà. 63 ló wà níbẹ̀. 36 ni Màmá kọ fún wa.

Màmá ní, “Yéè! Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń fa ọmọ létí torí pé wọ́n kọ nọ́ńbà sódì!”

Kọ̀ǹpútà ò mọ̀ pé nọ́ńbà ti yí. Ẹ̀ṣọ́ tuntun ló kàn fún èyí tá a gbé fún un. Ká ní a ti tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ ì bá kà á wẹ́rẹ́, bóyá orúkọ ìwé ẹlòmíràn ni ì bá sì gbé jáde!

A fi 63 tún ìṣirò náà ṣe. Mẹ́wàá pé! Èmi àti Màmá pàtẹ́wọ́ bí ọmọ iléèwé. Mo padà s'Óṣogbo, mo fi nọ́ńbà tó tọ̀nà ṣe báàkóòdù mìíràn.

Nígbà tí ìwé dé Ìbàdàn, Màmá fúnra wọn lọ dúró níwájú ẹ̀rọ. Orúkọ ìwé wọn hàn. Màmá ní kí àwọn òǹtàwé tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta!

Látìgbà náà, ohun tí n kò bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, màá béèrè kí n tó yọ ọ́. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí lẹ ti yọ dànù rí tẹ́ ẹ wá rí i pé òun gan-an ló ń ṣọ́ yín? Ẹ sọ fún wa o!